Wíwọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru: ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá lemọ́lemọ́, àti ìdáhùn wọn

Àwọn tó ń gba ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dọ̀ dókítà tó sún mọ́ wọn ló ni àwọn ìbéèrè yìí. A to wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó lọ́jú pọ̀. Ẹ mú èyí tó bá kàn yín.

Nọ́ńbà méjì ni ẹ̀rọ ń gbé jáde. Èwo ni ti èwo?

Nọ́ńbà òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan nígbà tí ọkàn bá fún ẹ̀jẹ̀ jáde. Ti ìsàlẹ̀ ni agbára tó ṣẹ́ kù nínú iṣan nígbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀ kó tó tún fún òmíràn. Tí ẹ rí 142/88, à ń kà á pé 142 lórí 88. Nọ́ńbà kẹta tó sábà máa ń wà lábẹ́ wọn kì í ṣe ìfúnpá rárá. Iye ìgbà tí ọkàn lù ní ìṣẹ́jú kan ni.

Òṣùwọ̀n náà ni mmHg, ìyẹn bí agbára náà ṣe lè gbé máàkúrì ga tó nínú ọ̀pá gíláàsì, ní mìlímítà. Scipione Riva-Rocci ará Ítálì ló gbé irú ẹ̀rọ tí à ń wé mọ́ apá jáde ní 1896. Ní 1905, Nikolai Korotkov ará Rọ́ṣíà ṣàlàyé ìró tí dókítà ń fetí sí nínú iṣan apá. Máàkúrì fúnra rẹ̀ ti ń kúrò ní yàrá ìwòsàn nítorí pé májèlé ni, àmọ́ orúkọ rẹ̀ kò kúrò lára òṣùwọ̀n.

Láti nọ́ńbà wo la ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru?

Lọ́pọ̀ ibi, 140/90 sókè tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n lọ́dọ̀ dókítà, tàbí 135/85 sókè tí ẹ bá wọ̀n ọ́n nílé. Kò dìgbà tí méjèèjì bá ga. Ọ̀kan nínú wọn ti tó. Ní Amẹ́ríkà, 130/80 ni wọ́n ti ń kà á láti 2017. Nítorí náà, ẹnì kan lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru níbì kan, kó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kó sọ̀ kalẹ̀ níbi tí wọn ò ti ní kà á mọ́ wọn. Ara rẹ̀ kò yí padà, ìlà tí wọ́n fà ló yí.

Bí kò bá ga gan-an, ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti fi ẹ̀jẹ̀ ríru lé ẹnikẹ́ni lórí. Ó gbọ́dọ̀ ga lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí kí ìwọ̀n ilé jẹ́rìí sí i.

Kò sí ohun tó ń ṣe mí. Kí ni mo fẹ́ máa wọ̀n ọ́n fún?

Torí pé kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ń dúró de orí fífọ́ tàbí kí ọrùn máa gbóná kí wọ́n tó wá ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 170/100 lè sùn dáadáa, kó jí dáadáa, fún ọdún púpọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé ní 2019, àwọn tó ní in láàárín ọmọ ọdún 30 sí 79 tó bílíọ̀nù 1.28, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò mọ̀ pé àwọn ní in. Ọpọlọ, ọkàn, kíndìnrín àti ojú ló ń bá jà nígbà tí ẹ kò gbọ́ ariwo kankan.

Báwo ni kí n ṣe jókòó? Ṣé ó tilẹ̀ ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Ó ṣe pàtàkì ju bí àwa òṣìṣẹ́ ìlera gan-an ṣe ń ṣe é lọ. Ẹ wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gun àtẹ̀gùn: ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, nọ́ọ̀sì ń bi í léèrè ọmọ, òun náà ń dáhùn, aṣọ ìwépá wà lórí súwẹ́tà rẹ̀. (Aṣọ ìwépá ni mo ń pe aṣọ tí ẹ̀rọ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí.) Ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá kọ fún ẹni yẹn, kì í ṣe ìfúnpá rẹ̀.

Bó ṣe yẹ kó rí rèé. Ẹ má mu sìgá tàbí kọfí, ẹ má sì ṣe eré ìdárayá, ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó di pé ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ lọ tọ̀. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀. Ẹ ká aṣọ kúrò lápá, kí ẹ gbé apá lé tábìlì kí aṣọ ìwépá lè wà ní ọ̀gangan ọkàn. Ẹ panu mọ́ títí ẹ̀rọ á fi parí.

Apá gan-an ni wọ́n ń fojú rénà jù. Ní 2024, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Johns Hopkins, ní Amẹ́ríkà, rí i pé tí èèyàn bá gbé ọwọ́ lé itan, nọ́ńbà òkè á fi bíi 4 ga ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá jẹ́ kí apá rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á lé ní 6. Ẹni tó wà ní 136 ti di 142 nìyẹn, bóyá wọ́n á sì kọ oògùn fún un nítorí àga tí kò ní ibi ìgbọ́wọ́lé.

Irú ẹ̀rọ wo ni kí n rà?

Ẹ ra èyí tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, tí à ń wé mọ́ òkè apá, tí wọ́n sì ti dán wò bó ṣe yẹ. Pé ó ń tà lọ́jà kò túmọ̀ sí pé wọ́n dán an wò. Àjọ STRIDE BP ní àkójọ àwọn tó yege lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá orúkọ ẹ̀rọ náà níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ fi téèpù wọn ìdajì ọ̀nà láàárín èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ yíká, kí ẹ wo iye tó wà lára aṣọ ìwépá bóyá ó gbà yín. Bí aṣọ bá kéré jù fún apá, nọ́ńbà á ga lófo. Mo rò pé èyí ni àṣìṣe tó pọ̀ jù lára àwọn tí apá wọn tóbi, torí aṣọ kan náà ni wọ́n ń wé fún gbogbo ayé.

Ti ọrùn ọwọ́ kò burú fún ẹni tí aṣọ òkè apá kò gbà rárá, tó bá gbé ọrùn ọwọ́ sí ọ̀gangan ọkàn. Aago àti òrùka tí wọ́n ní ó ń ka ìfúnpá láìwé nǹkan mọ́ apá kò tíì tó ohun tí a lè fi yí oògùn padà. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kí wọ́n fi wéra pẹ̀lú tiwọn.

Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́ ni kí n máa wọ̀n ọ́n nílé?

Tí dókítà bá fẹ́ fi èsì ilé ṣe ìpinnu, ọ̀sẹ̀ kan ló dára jù: ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín ẹ̀ẹ̀kíní àti ẹ̀ẹ̀kejì. Ti àárọ̀, ẹ ṣe é kí ẹ tó lo oògùn, kí ẹ tó jẹun. Ẹ yọ ti ọjọ́ kìíní kúrò, torí ọwọ́ kò tíì mọ́ ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ wá ro ìyókù pọ̀, kí ẹ pín in sí iye ìgbà tí ẹ wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ kan péré. Àárọ̀: 146/90 àti 140/88. Alẹ́: 138/86 àti 136/84. Nọ́ńbà òkè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 560. Tí a bá pín in sí mẹ́rin, ó di 140. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 348; tí a bá pín in sí mẹ́rin, ó di 87. Ẹni tó bá wo 146/90 nìkan á bẹ̀rẹ̀ sí í páyà, ẹni tó bá wo 136/84 nìkan á ní òun ti bọ́. 140/87 lohun tó wà nílẹ̀, ó sì kọjá 135/85.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó sinmi. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹni tó bá ń wọ̀n ọ́n nígbà mẹ́wàá lójúmọ́ torí ìbẹ̀rù, ìbẹ̀rù yẹn ló ń wọ̀n.

Ṣé mo lè fi 120/80 rọ́pò 123/78 nínú ìwé mi, kó lè rọrùn láti kọ?

Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Mo ti gba ìwé tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 120/80 láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú, àárọ̀ àti alẹ́. Kò sí ara èèyàn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, pẹ̀lú aago àti ọjọ́, kódà bó bá burú. Ẹ má yọ èyí tó ga kúrò torí pé inú ń bí yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ kọ "inú ń bí mi" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń pa nọ́ńbà mọ́ fúnra rẹ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ náà wá.

Kí ló dé tí ti ilé àti ti ọ̀dọ̀ dókítà kì í bára mu?

Àyà àwọn kan máa ń já tí wọ́n bá ti rí aṣọ funfun, ìfúnpá wọn á sì fò sókè. Tí wọ́n bá padà délé, ó ti wálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru aṣọ funfun la ń pe èyí. Kì í sábà gba oògùn lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, torí àwọn kan nínú wọn máa ń ní ti gidi bó bá yá.

Òdìkejì rẹ̀ ló ń dẹ́rù bà mí: ẹni tí tirẹ̀ dára lọ́dọ̀ dókítà, tó ga nílé tàbí níbi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń wá a, torí ìwé rẹ̀ nílé ìwòsàn mọ́ tónítóní. Bí ẹ bá ń rí 140 sókè nílé léraléra, ẹ má jẹ́ kí 128 tí wọ́n rí lọ́hùn-ún pa yín lẹ́nu mọ́.

Apá ọ̀tún ni àbí tòsì?

Nígbà àkọ́kọ́, méjèèjì. Èyí tó bá ga jù ni kí ẹ máa lò títí lọ. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ń kọjá 15 nígbà gbogbo, ẹ sọ fún dókítà, torí ó lè jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ apá kan ti ń dí.

Báwo ló ṣe yẹ kí n máa lọ rí dókítà tó?

Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn lé yín lọ́wọ́, tàbí wọ́n yí i padà, ìmọ̀ràn WHO ti 2021 ni pé kí ẹ máa padà lọ lóṣooṣù títí ìfúnpá á fi dé ibi tí wọ́n fẹ́. Bó bá ti dúró síbẹ̀, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà.

Ìfúnpá nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó yẹ kí wọ́n yẹ kíndìnrín wò nínú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n wo bóyá pùrótéènì ń bá ìtọ̀ jáde, kí wọ́n wo ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn tí orúkọ rẹ̀ parí sí "-pril" tàbí "-sartan" máa ń ṣe àyẹ̀wò kíndìnrín àti potassium (èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀) ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ tàbí tí wọ́n fi kún un. Bí creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń yọ dànù, bá ga díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, dókítà ti ń retí rẹ̀; ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín.

Ṣé kí n lo oògùn láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ rí dókítà? Ṣé alẹ́ kò tilẹ̀ dára jù?

Ẹ lò ó bí ẹ ṣe ń lò ó lójoojúmọ́. Àwọn kan kì í lò ó lọ́jọ́ náà kí dókítà lè rí bí ara wọn ṣe rí gan-an. Ohun tí dókítà á rí ni pé oògùn kò ṣiṣẹ́, á sì fi òmíràn kún un.

Ní ti àárọ̀ tàbí alẹ́, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní TIME, tí wọ́n ṣe ní Bìrìtìkó, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2022, tẹ̀ lé àwọn tó lé ní 21,000. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn tó ń lò ó láàárọ̀ àtàwọn tó ń lò ó lálẹ́, ní ti ìkọlù ọkàn, àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí ikú ọkàn. Àkókò tí ẹ kò ní gbàgbé ni àkókò tó dára jù.

Ó ti wálẹ̀ sí 126/78. Ṣé mo lè fi oògùn sílẹ̀?

Oògùn ló gbé e wálẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á tún gòkè, ó sì lè ṣe ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn, ìdí nìyẹn tó fi ń tan èèyàn jẹ. Àwọn oògùn kan wà, bíi clonidine àti àwọn tó parí sí "-olol", tó léwu láti dá dúró lójijì. Ẹni tó ti fọn dáadáa, tó ti dín iyọ̀ àti ọtí kù, lè bá dókítà sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n dín in kù díẹ̀díẹ̀, kó sì máa wọ̀n ọ́n nílé bí wọ́n ṣe ń dín in.

Oríṣi mẹ́ta ni mò ń lò, kò sì wálẹ̀. Kí ló kù?

Kí wọ́n tó fi ẹ̀kẹrin kún un, ìbéèrè mélòó kan wà. Ṣé lóòótọ́ ni ẹ ń lò wọ́n lójoojúmọ́? (Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀, ẹ sọ òótọ́, torí bí ẹ bá purọ́, oògùn ni wọ́n á máa fi kún.) Ṣé aṣọ ìwépá gbà yín? Ṣé ó ga nílé náà? Kí ni ẹ tún ń lò? Ibuprofen, diclofenac, oògùn imú dídí tó ní pseudoephedrine, àti àwọn oògùn ìfètòsọ́mọ́bíbí kan, gbogbo wọn lè gbé ìfúnpá sókè.

Bí gbogbo èyí bá mọ́, tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, dókítà á wá ohun mìíràn lọ: ẹni tó ń han-run tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun, iṣan kíndìnrín tó dí, tàbí ẹṣẹ́ (gland) orí kíndìnrín tó ń tú aldosterone, èròjà tó ń mú kí ara di iyọ̀ mú, jáde jù. Spironolactone ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀kẹrin.

Wọ́n ní kí n gbé ẹ̀rọ kan kọ́ra fún wákàtí 24. Kí ló wà fún?

Ẹ̀rọ yẹn á máa wọ̀n yín bíi lẹ́ẹ̀kan ní ìdajì wákàtí, kódà tí ẹ bá sùn. Tó bá ti ń fún yín lápá, ẹ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ jẹ́ kí apá rọ̀. Ẹ kọ àkókò tí ẹ sùn àti àkókò tí ẹ jí sílẹ̀. Àròpín gbogbo rẹ̀ tó bá tó 130/80 ti ga. Ti ọ̀sán, 135/85. Ti òru, 120/70.

Ti òru ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ó yẹ kí ìfúnpá wálẹ̀ ní ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún tí èèyàn bá sùn. Ẹni tí tirẹ̀ kò wálẹ̀, ewu rẹ̀ pọ̀ jù, ẹ̀rọ ilé kò sì ní sọ fún un láé.

Òòyì ń kọ́ mi tí mo bá dìde. Ṣé oògùn ti pọ̀ jù ni?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìjókòó, ẹ dìde, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí nọ́ńbà òkè bá já wálẹ̀ ní 20, tàbí ti ìsàlẹ̀ ní 10, ẹ mú èsì náà lọ bá dókítà. Fún àgbàlagbà àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ó yẹ kí wọ́n máa ṣe èyí láìdúró de òòyì, torí ìṣubú kan lè ṣẹ́ egungun ìbàdí.

Ọkàn mi kì í lù déédéé. Ṣé mo lè gba ẹ̀rọ gbọ́?

Díẹ̀. Ẹ̀rọ ń fi bí iṣan ṣe ń gbọ̀n rìrì ṣírò nọ́ńbà rẹ̀, bí ìlù ọkàn bá sì ń ṣe ségesège, ìṣírò náà á máa yàtọ̀ láti ìgbà kan sí òmíràn. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ mú àròpín. Lọ́dọ̀ dókítà, ó dára kí wọ́n fi etí gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ń fi àmì hàn yín pé ọkàn ń ṣe ségesège, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín tẹ́lẹ̀, ẹ lọ ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù.

Mo lóyún. Kí ló yàtọ̀?

Ó pọ̀. Ẹ tètè sọ fún wọn, torí oògùn "-pril" àti "-sartan" lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ wọn. Ẹ lo ẹ̀rọ tí wọ́n dán wò lára aláboyún. Tó bá dé 140/90, ẹ pe wọ́n. Tó bá dé 160/110, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Bí orí bá ń fọ́ yín gan-an, tí ojú ń ṣú, tàbí abẹ́ ìhà ń ro yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, ẹ má dúró de nọ́ńbà kankan. Ewu náà kò tán lọ́jọ́ ìbímọ. Ẹ máa wọ̀n ọ́n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀rọ kọ 186/122 lóru. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé àyà ń dùn mí? Ṣé èémí ń ṣòro? Ṣé ẹnu wọ́, ṣé apá tàbí ẹsẹ̀ kan ti kú, ṣé ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu? Ṣé ojú ṣàdédé ṣókùnkùn, ṣé orí ń fọ́ bí kò ṣe fọ́ rí, ṣé iyè ń ra? Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Ẹ má tún un wọ̀n.

Bí kò bá sí ìkankan, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tún un wọ̀n. Lọ́pọ̀ ìgbà, á wálẹ̀. Bó bá ṣì wà ní 180/120 sókè, ẹ kàn sí dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ má gbé oògùn mì ní ìlọ́po méjì, ẹ má sì bẹ́ kápúsù nifedipine (oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan) sábẹ́ ahọ́n bí àwọn kan ṣe ń sọ. Ìfúnpá tó bá já wálẹ̀ lójijì lè gé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọpọlọ.

Dókítà kan ní kó wà lábẹ́ 140, òmíràn ní 130, mo tún kà á níbì kan pé 120. Ta ni kí n gbọ́?

Ní 2015, ìwádìí SPRINT ní Amẹ́ríkà mú àwọn tó lé ní 9,300, tí wọ́n ti pé ọmọ 50 ọdún, tí kò ní àtọ̀gbẹ, tí àrùn rọpárọsẹ̀ kò sì ṣe rí. Àwọn tí wọ́n lé nọ́ńbà òkè wọn lọ sí abẹ́ 120 kò kú tó àwọn tí wọ́n fi sí abẹ́ 140, àìsàn ọkàn wọn kò sì pọ̀ tó tiwọn. Àmọ́ àwọn tó dákú, àwọn tí kíndìnrín wọn fara pa, pọ̀ sí i láàárín àwọn ti abẹ́ 120.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rántí ni bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n nínú ìwádìí yẹn: ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún. 120 tí wọ́n rí bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ 130 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní yàrá tí èrò ti kún, tí wọ́n ti ń sáré wọ̀n. Ẹni tó bá gbé oògùn ga títí yàrá yẹn fi kọ 120 ti lọ jìnnà ju SPRINT lọ.

WHO ní abẹ́ 140/90 fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kí nọ́ńbà òkè wà lábẹ́ 130 fún ẹni tí àrùn ọkàn tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ṣe rí. Ẹni tó ti lé ní 80, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tó bá dìde, kì í ṣe ẹni tí à ń lé ní ìlékúlèé. Tí dókítà bá dá nọ́ńbà kan fún yín, ẹ bi í léèrè: èyí tí ẹ wí yìí, ti ilé ni àbí ti ibí?